Ta Ló Kó Ẹyin Ìjàpá Òkun?

Igbe bàbá ọlọ́dẹ ló jí gbogbo ilé ìgbàlejò náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe igbe ẹni tí wọ́n lù, kì í sì í ṣe igbe ẹni tí ejò bù jẹ. Igbe ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé ni.

"Wọ́n ti kó wọn lọ o. Wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ."

Obìnrin kan tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Àwòdì ló kọ́kọ́ sáré dé etí omi. Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n ìsinmi ló wá ṣe. Aṣọ ìsùn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì yàtọ̀ sí tòsì. Ó bá bàbá ọlọ́dẹ lẹ́bàá ọgbà kékeré kan tí wọ́n fi igi àti àwọ̀n ṣe sórí iyanrìn. Bàbá káwọ́ lérí, ṣọ́bìrì rẹ̀ sùn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú ọgbà yìí ni ìjàpá òkun ńlá kan ti wá yé ẹyin rẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní báyìí, ihò ṣófo ló ń wo ojú ọ̀run.

Máníjà ilé ìgbàlejò náà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ni," ló wí. "Ta ló ń rìn létí omi yìí ní kùtù òwúrọ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin? Ta ló ní ṣọ́bìrì? Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo ti pe àwọn ọlọ́pàá ìlú. Kí wọ́n tó dé, ẹ máa bọ̀ ní yàrá ìkẹ́rùsí."

"Máníjà, èmi tí mò ń ṣọ́ wọn láàárọ̀ lálẹ́?"

"Ajá tí wọ́n ní kó ṣọ́ ẹran náà ló mọ ibi tí ẹran wà."

Báyìí ni wọ́n ṣe mú arúgbó náà wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó àga àtijọ́ sí, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Máníjà, ẹ fún mi láyè títí àwọn ọlọ́pàá ìlú á fi dé," ni Àwòdì wí. "Iṣẹ́ mi ni."

"Mo mọ̀, mà. Awakọ̀ yín ti ròyìn yín fún gbogbo ilé ìdáná lánàá. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti ní kí wọ́n tú ẹrù gbogbo àlejò wò, àwọn ọ̀rẹ́ yín náà wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àwòdì, nítorí ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó bá a wá, bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí. Orí àga kan náà ni wọ́n ti jọ kọ́ ìwé. Abẹ́rẹ́ ni aránṣọ, ó tínínrín, ẹnu rẹ̀ sì mú bí orúkọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, ló ni bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá, òun náà ló ń wà á, jẹ́jẹ́ débi pé ewúrẹ́ á yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì kọjá lọ. Ìyá Òròmọ ní tirẹ̀ ń sin adìẹ, ó sì ń fi ooru iná pa ẹyin di òròmọdìẹ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń gba ojú ọ̀nà etíkun lọ, kí wọ́n lè gbàgbé iṣẹ́. Ní ọdún yìí, ẹranko ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wò.

Ẹranko náà sì fẹ́ràn wọn. Níbi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ kan òkun, ọ̀bọ kan bọ́ lu bọ́ọ̀sì, ó já fìlà Abẹ́rẹ́ gbà gba ojú fèrèsé, ó gun igi, ó sì dé e. "Má bínú," ni Jẹ́jẹ́ wí fún un, "ó kúkú yẹ ẹ́ jù ọ́ lọ." Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹja ńlá kan ń fò sókè lójú omi, wọ́n ń bá bọ́ọ̀sì sáré. Jẹ́jẹ́ dá ọkọ̀ dúró sáàárín títì, ó ń nu ojú, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ìyá Òròmọ nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò tètè kúrò nílé. Wọn ò tíì jìnnà tí aago ọwọ́ rẹ̀ fi han, gbogbo wọn sì ta gìrì. "Àsìkò yíyí ẹyin ni," ló wí, tìtìjú-tìtìjú. Abẹ́rẹ́ búra pé òun á ju aago náà sókun. Ìyá Òròmọ rẹ́rìn-ín, ó pa á, ó ní ọmọ òun obìnrin ló wà nídìí ẹyin nílé. Láti ìgbà náà, aago kò dún mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n dé ilé ìgbàlejò yìí. Bàbá ọlọ́dẹ mú wọn lọ wo ọgbà ìjàpá, ó ní ìrọ̀lẹ́ èyíkéyìí ni àwọn ọmọ náà lè jáde. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, bàbá wá dúró ti Máníjà, ó bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní òṣùpá ti rí róbótó, òkun á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n jẹ́ kí òun kó ẹyin náà lọ sókè ilẹ̀. Máníjà ní rárá, pé ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń rí i láti orí àga wọn. Ó ní òkun tó ti mọ àyè rẹ̀ látọjọ́ tó ti wà, kò ní í ṣìnà lónìí.

"Ká ní ọmọ tèmi ló wà níbẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ǹ bá ti gbé e sá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ìyá Òròmọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òṣùpá, ó ń ro tíì rẹ̀ títí ó fi tutù.

Àwòdì kúnlẹ̀ létí ihò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Kì í ṣe awọ́nrínwọ́n ló hú u. Awọ́nrínwọ́n máa ń fi èèpo sílẹ̀ káàkiri bí ẹni jẹ ẹ̀pà, kò sì sí èèpo kan níbẹ̀. Ajá náà kọ́, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi wa ihò yìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọ̀n ọgbà kò ya. Wọ́n tú u, wọ́n sì tún so ó padà. Ẹ̀gbẹ́ ihò tó kọjú sí òkun ti wó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù rinrin. Àwòdì fi ìka kan iyanrìn náà, ó tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ìlà ìfófó àti koríko òkun tó ti wọ inú ọgbà.

Lẹ́bàá òpó igi tó wà níhà òkè, iyanrìn díẹ̀ ga sókè bí ẹni bo nǹkan. Àwòdì rọra gbọ́n ọn. Ẹyin kan ló wà níbẹ̀. Ó ti dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tutù, òkú ẹyin ni. Lórí rẹ̀, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì búlúù fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn.

Ó dúró pẹ́ lórí ẹyin yẹn.

Ojú fèrèsé yàrá ìkẹ́rùsí ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá ọlọ́dẹ jókòó lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Níbo lẹ wà kí ilẹ̀ tó mọ́?"

"Mo lé àwọn ajá kan lọ sí ìhà ọ̀hún, Ọ̀gá. Ìgbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti ṣe mí."

"Bí ẹni tó kó wọn bá fẹ́ kí wọ́n wà láàyè ńkọ́?"

Ojú bàbá là. "Kó má jẹ́ kí òtútù mú wọn. Kó sì má yí wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹyin adìẹ la máa ń yí. Tìjàpá, bó ṣe wà nínú iyanrìn ló gbọdọ̀ wà. Bí ẹ bá yí i, ọmọ lè kú sínú rẹ̀." Ó sún mọ́ irin fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹ má bá mi wá àre. Àwọn ni kí ẹ bá mi wá."

Àwòdì rìn kúrò níbẹ̀ wàràwàrà. Ó bá Abẹ́rẹ́ ní yàrá tí àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sùn, ó ń ká àwọn aṣọ tí wọ́n tú wò, ó ń ráhùn.

"Abẹ́rẹ́, ṣọ́ọ̀kì rẹ dà?"

"Inú àpò ìránṣọ mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Àbí o fẹ́ gé ṣòkòtò fún olè náà?" Ó tú àpò náà títí, kò rí i. "Ó wà níbí lánàá. Òun ni mo fi sàmì sí ẹ̀wù Jẹ́jẹ́ tó ya."

"Ìwọ lo sọ lánàá pé ò bá ti gbé wọn sá."

Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹnu mi ló ń sá, ẹsẹ̀ mi kì í sá. Ṣé èmi lò ń bi ní ìbéèrè ọlọ́pàá? Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. À ń wò ọ́ o. Bó o bá fẹ́ mú ọ̀rẹ́ nítorí iṣẹ́, sọ fún wa ká lọ wẹ̀ ná."

"Fi ìka fa àmì tó o máa ń fi sára aṣọ hàn mí lórí tábìlì yìí."

Abẹ́rẹ́ pòṣé, ṣùgbọ́n ó fà á. Ìlà kéékèèké tó tẹ̀ lé ara wọn ni, bí òjò tó ń ṣẹ́.

"Kò dábùú ara wọn?"

"Kí ni màá fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó bá fa irú ìyẹn, aṣọ kọ́ ló ń gé."

"Ó dáa. Má bínú, Abẹ́rẹ́ mi."

"Mo ti bínú tán. Lọ bá Jẹ́jẹ́, kó lè bínú tiẹ̀ náà."

Lóòótọ́, inú ń bí Jẹ́jẹ́. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń to gbogbo ohun tí wọ́n ti dà sílẹ̀ padà sí àyè wọn. Síbẹ̀, nígbà tó rí i pé òùngbẹ ń gbẹ Àwòdì, ó na ìgò omi kan sí i. Àwòdì mu ún, ó sì wo ìgò náà.

"Jẹ́jẹ́, omi yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun."

"Má dá mi lẹ́bi. Ẹnì kan ló kó gbogbo ìgò mi kúrò nínú kúlà. Abẹ́ àga ni mo ti bá wọn láàárọ̀."

"Kúlà náà ńkọ́?"

"Ìyá Òròmọ ló jókòó lé e lábẹ́ igi ọ̀hún. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, àga ilé yìí ga jù."

"Àwọn tó ń tú ẹrù kò ṣí i?"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ìbínú rẹ̀ lọ. "Ta ló fẹ́ ní kí irú ìyá yẹn dìde? Ó kí wọn, ó bi wọ́n léèrè ìyá wọn, ó ṣàdúrà fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì kọjá."

Àwòdì lọ sábẹ́ igi náà. Ìyá Òròmọ jókòó sórí kúlà, ó fi ìborùn rẹ̀ ńlá bo gbogbo rẹ̀ dé ilẹ̀. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó ń rọjú. Jókòó."

"Orí kí ni? Ìwọ lo gba gbogbo àga."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aago dún lọ́wọ́ Ìyá Òròmọ.

Ó fi ọwọ́ kejì bò ó. Ó dìde díẹ̀, ó rántí ara rẹ̀, ó tún jókòó. Àwòdì wo iyanrìn tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ojú tó ti mọ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì kò tíì ní eyín iwájú.

"Mo rò pé o ti pa aago yẹn láti ọjọ́ tí a kúrò nílé."

"Ó ṣèèṣì dún ni. Bá mi ké sí Jẹ́jẹ́, kó bá mi gbé kúlà yìí wọ bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

"Dúró ná. Àkùkọ rẹ tó máa ń bu èèyàn jẹ ńkọ́?"

"Àkùkọ? Àwòdì, ṣé àkùkọ lo wá bi mí?"

"Ó ń wù mí láti mọ̀ ni."

Ó ń bi í léèrè àkùkọ, ó ń bi í léèrè ọmọ, títí Abẹ́rẹ́ fi kọjá. Àwòdì pè é. "Wá bá a di irun rẹ̀. Má jẹ́ kó dìde títí n ó fi padà." Abẹ́rẹ́ wo ojú Àwòdì. Ó yọ òòyà, ó di orí Ìyá Òròmọ mú.

Àwòdì lọ dúró létí omi. Bí ó bá dákẹ́, arúgbó aláìṣẹ̀ á wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wọ̀ ọ́. Ohun tó wù ú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí Ìyá Òròmọ fúnra rẹ̀ dìde. Ó sì ń ronú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá ìlú wọlé.

Sájẹ́ńtì àgbàlagbà kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó kí Àwòdì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Máníjà ti lọ mú bàbá ọlọ́dẹ jáde. Oòrùn ọ̀sán ta á lójú, ó ń ṣẹ́jú. Gbogbo èèyàn sì péjọ sábẹ́ igi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ibòji wà.

"Sájẹ́ńtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí," ni Àwòdì wí. "Lákọ̀ọ́kọ́, Máníjà, òkun ṣìnà lóòótọ́. Ó wọ inú ọgbà láàárọ̀ yìí, ìfófó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, omi iyọ̀ sì wà nísàlẹ̀ ihò. Ká ní ẹyin náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni ì bá ti mu omi kú. Nítorí náà, ẹni tó kó wọn gbà wọ́n là ni."

Máníjà yíjú wo ìhà ọgbà náà, Àwòdì sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹni náà mọ ẹyin. Ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tó ti kú, ó yà á sọ́tọ̀, ó sì fi iyanrìn bò ó. Ta ló ń sin òkú ẹyin? Olè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti kú. Aránṣọ wa kì í fa irú rẹ̀. Mo rìn jìnnà nínú ọkàn mi kí n tó rántí ibi tí mo ti rí i. Lábẹ́ iná ni, lẹ́yìnkùlé kan, níbi tí gbogbo ẹyin ti ní ìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìlà bá wà lókè láàárọ̀, yóò wà nísàlẹ̀ lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń pa ẹyin adìẹ ṣe ń mọ èyí tó ti yí. Ẹni yìí fẹ́ pa ẹyin ìjàpá bí ẹni pa ẹyin adìẹ. Ó ní láti wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wọn. Omi tí Jẹ́jẹ́ fún mi gbóná, nítorí ẹnì kan ti kó o kúrò nínú kúlà. Kúlà tó ń pa òtútù mọ́, ó lè pa ooru mọ́ pẹ̀lú. Aago kan tó ti dákẹ́ látọjọ́ tí a ti ń bọ̀ sì tún dún lónìí."

Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ dúró lórí irun tó ń dì. Àwòdì kò wo kúlà, ó wo bàbá ọlọ́dẹ.

"Ohun tó kù, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹni náà sọ ọ́."

"Adìẹ ń làágùn," ni Ìyá Òròmọ wí, "ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Ó yọ orí rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́, ìdajì irun rẹ̀ ṣì wà láìdì. "Èmi ni."

"O kò sì sọ," ni Àwòdì wí. "O jẹ́ kí arúgbó jókòó sínú òkùnkùn."

"Mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, Máníjà á ní kí wọ́n dá wọn padà sínú ihò yẹn, kí àlejò lè rí wọn. Mo ní kí ọmọ kọ́kọ́ jáde nínú ẹyin ná. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo ìhà yàrá yẹn ni mo ń bú ara mi." Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú bàbá. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ìyà tó yẹ mí ni ẹ jẹ."

Bàbá ọlọ́dẹ kò tilẹ̀ gbọ́. Kúlà ló ń wò. "Ṣé o ti yí wọn?" ló béèrè.

"Àsìkò rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n Àwòdì kò jẹ́ kí n ríbi dìde. Àkùkọ ló ń bi mí. Lẹ́yìn náà ni èyí di mí lórí mú."

"Ṣé o wá rí i pé mo fẹ́ mọ̀ nípa àkùkọ," ni Àwòdì wí.

Bàbá ká ìborùn kúrò, ó rọra ṣí ọmọrí kúlà. Iyanrìn kún inú rẹ̀, ìgò omi gbígbóná méjì tí wọ́n fi aṣọ wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbi kan, iyanrìn náà mì. Nǹkan kékeré kan yọ orí, ó dúdú, ó ń dán.

"Ó dà bíi bọ́tìnnì," ni Abẹ́rẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́. Òmíràn tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sájẹ́ńtì yọ fìlà rẹ̀. "Mà, òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹyin yìí."

"Òfin sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀, mi ò ní í bá a bò ó. Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹ sì kọ ọ́ pé bàbá ti bẹ̀bẹ̀ lánàá, wọn kò gbọ́ tirẹ̀."

Sájẹ́ńtì wo Máníjà. Máníjà wo ilẹ̀. "Ẹ̀ṣẹ̀ mi wà níbẹ̀," ló wí. Ó yíjú sí arúgbó náà. "Bàbá, ẹ má bínú. Ibi tí ẹ bá ní kí ọgbà wà lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà ló máa wà."

"Ìyá," ni Sájẹ́ńtì wá wí fún Ìyá Òròmọ, "mo kìlọ̀ fún yín níwájú gbogbo èèyàn yìí. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n mọ́."

"Kò ní í fọwọ́ kàn wọ́n," ni bàbá ọlọ́dẹ wí. "Ṣùgbọ́n ó máa bá mi gbé kúlà. Èmi nìkan kò lè gbé e." Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n gbé kúlà dé etí omi, bàbá sì tú àwọn ọmọ náà sórí iyanrìn tútù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sókun, wọ́n ń fi apá wọn kéékèèké wa ilẹ̀. Àwọn ẹyẹ òkun rí wọn, wọ́n ń rábàbà. Abẹ́rẹ́ ń ju ìborùn sókè, ó ń bú wọn. Jẹ́jẹ́ ń lé akàn, ó tún ń nu ojú, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá afẹ́fẹ́ ni. Máníjà pàápàá ti ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi ọmọrí kúlà ṣíji bo àwọn tó bọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀kan ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Á rìn díẹ̀, á sinmi, á wò yíká.

"Jẹ́jẹ́ nìyẹn," ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Aago Ìyá Òròmọ dún. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó tú u kúrò lọ́wọ́, ó sì gbé e lé Àwòdì lọ́wọ́.

"Gbà. Ẹ̀rí ni."

Àwòdì gbà á, kò pa á. Ó fi apá kejì fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lú irun orí rẹ̀ tí wọn kò dì tán, aago sì ń dún láàárín wọn títí ìgbì kan fi dé, tó gbé Jẹ́jẹ́ kékeré lọ.